Ọkọ Mi Kékeré

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ mi. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n sọ àbúrò ọkọ mi tó kéré jù lórúkọ ni wọ́n gbé mi wọlé wọn. Mo bá a nílé, nítorí náà ọkọ mi lòun náà. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo ń wẹ̀ fún un, síbẹ̀ n kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ọkọ mi kékeré ni mò ń pè é. Títí ó fi di dókítà ní Jóháńsìbọ̀ọ̀gì níbí, mo ń kúnlẹ̀ kí i.

Ilé wọn náà ni mo ti bá ìrun kíkí. Ilé oníṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti bí mi. Ọdún tó tẹ̀lé bọ́ọ̀lù àgbáyé tí wọ́n gbá níbí ni mo wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ ní àdúgbò Hillbrow. N kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí bàbá àgbà rẹ fi kọ̀ mí lórí fóònù, lẹ́yìn ọmọ mẹ́rin. Mo ká ẹní ìrun mi, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ohun ilé wọn ni. Mo bá ìyá rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè méjì. Orin tí mo mọ̀ ní kékeré ni wọ́n ń kọ, mo sì jó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ọwọ́ mi á máa wá omi àlùwàlá.

Ní Jímọ́ọ̀ kan, ọkọ mi kékeré dé. Òun ló máa ń fi mọ́tò gbé mi lọ sí mọ́ṣáláṣí tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí, orúnkún mi ti kanlẹ̀.

Ìwọ lo pariwo: “Eish, Màmá àgbà! Wọ́n ti kọ̀ yín, ẹ tún ń kúnlẹ̀ fún wọn?”

Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀.

“Ọkọ mi, ẹ dìde, aṣọ yín!”

“Mi ò dìde. Bọ̀dá ló kọ̀ yín, èmi ò kọ̀ yín. Ẹ pe orúkọ mi.”

“Ẹnu mi ò gbà á.”

“Ẹ gbìyànjú.”

Mo pè é. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sójú rẹ̀.

“Ó yá, ká lọ. Mọ́tò wà nísàlẹ̀.”

“Rárá o.”

Ojú rẹ̀ rọ. “Ṣé ẹ ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì ni?”

“Máa lọ ná. Tí o bá gbé mi, n kò ní mọ̀ bóyá Ọlọ́run ni mò ń lọ bá, àbí ilé yín.”

Nígbà tó lọ tán, mo jókòó díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fa ẹní yọ, mo gbọn eruku rẹ̀. Ìwọ lo bá mi dá tákísí dúró lẹ́bàá róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí mọ́tò.

Bí mo ṣe kírun tán ní mọ́ṣáláṣí tí mo jáde, òun ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà àwọn obìnrin, bàtà mi lọ́wọ́ rẹ̀. N kò kúnlẹ̀. Mo di èjìká rẹ̀ mú, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo sì pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.