Aránṣọ Tó Fẹ́ Ya Bàbá Rẹ̀ Sórí Gíláàsì

Iṣẹ́ aránṣọ ni obìnrin kan ń ṣe. Òun ni àkọ́bí, òun náà ló sì kù nílé tó ń tọ́jú bàbá wọn. Àwòrán bàbá bàbá rẹ̀ kan wà lára ògiri pálọ̀. Orí gíláàsì ni wọ́n yà á sí láyé àtijọ́, ojú ọkùnrin náà sì hàn débi pé èèyàn lè ka irun àgbọ̀n rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá nawọ́ sí i.

"Irú èyí ni kó o yà mí sí, kó o gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi. Mi ò fẹ́ ti inú fóònù."

Onífọ́tò àgbà kan ṣoṣo ló kù tó mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí aránṣọ lọ bá a, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín.

"Iṣẹ́ yìí ti kú, ìyá mi. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Nígbà tó rí i pé obìnrin náà ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ju àkísà sí i pé kó máa nu gíláàsì. Ó nù ún títí ọrùn fi ń ro ó. Lẹ́yìn náà ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń da oògùn kan tó ki bí oyin sórí gíláàsì, tí wọ́n á máa dà á síwá sẹ́yìn títí á fi kan gbogbo igun, kí wọ́n tó rì í nínú òkùnkùn bọ omi fàdákà tó ń gba àwòrán. Kò gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó ya àwòrán. Tirẹ̀ ń gbẹ. Àwọn mìíràn ń bó bí awọ ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára.

"O ò ṣe rọra?" onífọ́tò á pòṣé. "Ṣé ẹnìkan ń lé ẹ ni?"

Omi fàdákà sọ ìka rẹ̀ di dúdú kirikiri. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ wọn sẹ́yìn.

Nígbà tí iṣẹ́ náà wá mọ́ ọn lára, tó ya àga kan tí gbogbo ìṣó ara rẹ̀ hàn, ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un jó. Àmọ́ àìsàn ti wọ bàbá lára kó tó dìgbà yẹn. Ọwọ́ ń gbọ̀n, orí ń mì. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yà sórí gíláàsì gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́, nítorí bó bá mira pẹ́nrẹ́n, ó bà jẹ́ nìyẹn. Wọ́n fi irin gbé orí bàbá dúró látẹ̀yìn. Nínú àwòrán, aṣọ jáde, bọ́tìnnì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú di èéfín. Wọ́n tún un yà. Èéfín náà ni.

"Ẹ kúkú kàn mí mọ́ àga," bàbá ní.

Onífọ́tò fa aránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bí bàbá bá sùn, ṣé wọ́n ń gbọ̀n?"

"Rárá o."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé kíṣíìnì ilé bàbá kí òkùnkùn lè wà níbẹ̀. Bàbá ti múra, ó jókòó de wọn lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀ títí oorun fi gbé e lọ. Wọn ò jí i. Aránṣọ dá gbogbo rẹ̀ ṣe, ọ̀gá rẹ̀ kàn ń wò ó ni. Àwòrán náà jáde: ìpéǹpéjú, imú, ètè, kò sí èyí tó bà jẹ́. Kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Ó ṣì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ní kíṣíìnì nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tó rí i, tó káwọ́ lérí.

"Yéè! Bàámi! Ìgbà wo ni wọ́n kú?"

"Wọn ò kú! Wọ́n ń sùn ni."

Àmọ́ òun náà ti rí i báyìí. Ojú òkú ló wà lórí gíláàsì yẹn. Ó wo ojú onífọ́tò.

"Kò sí ọgbọ́n mìíràn mọ́, ìyá mi," ọkùnrin náà sọ, ó sì gbójú kúrò.

Aránṣọ fi gíláàsì náà sílẹ̀ ní kíṣíìnì. Ní pálọ̀, bàbá ti jí. Orí rẹ̀ tún ti ń mì.

"Oorun gbé mi lọ ni. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín wá, mo ti ṣe tán."

"Oògùn ti tán, Bàámi," aránṣọ purọ́ fún un.

"A jẹ́ pé ó dọ̀la nìyẹn."

"Ó dọ̀la," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì ọrùn bàbá.