Òṣùpá Àjọ Ìpè

Mo rántí ìgbà tí mò ń wá òṣùpá ní Peckham nílùú òyìnbó bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi, tí mò ń pè ní Àǹtí, ni mò ń gbé nígbà náà, ìjọ wọn sì ń pa gbogbo àjọ̀dún inú Bíbélì mọ́: Ìrékọjá, Pẹ́ńtíkọ́sì, Ọjọ́ Ètùtù, Àjọ Àgọ́. Àjọ Ìpè nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Bí wọ́n bá rí òṣùpá tuntun nírọ̀lẹ́ òní, ọ̀la ni àjọ̀dún, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọ́ ṣáájú. Èèwọ̀ ni iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àǹtí ti kìlọ̀ fún mi pé, "Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Olúwa, kó wá ilé mìíràn gbé."

Mò ń nulẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Catford. Màníjà wa bi mí pé ọjọ́ wo ni mo fẹ́ gba ìsinmi. Mo ní ọjọ́ tí wọ́n bá rí òṣùpá ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní tí n kò bá wá, kí n má padà wá mọ́. Èmi rò pé Gẹ̀ẹ́sì mi ni kò dáa tó.

Alhájà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìwọ ọmọ yìí, mo rò pé àwa Mùsùlùmí nìkan ni òṣùpá ń dà láàmú! Tó bá ti yọ, màá bá ẹ ṣe iṣẹ́ tìẹ. Ìwọ náà á ṣe tèmi lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀. Àmọ́ kó má di Ọjọ́rú o. Ọjọ́rú ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lórúnkún."

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé, ìjọ dúró sórí òrùlé ilé ìgbọ́kọ̀sí kan, a gbé ojú sókè bí adìyẹ tó ń mumi. Ìkùukùu bo gbogbo Peckham. Pásítọ̀ ní ká máa lọ sílé, pé oṣù kì í ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, Ọjọ́rú ló máa jẹ́. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. Alhájà ni, láti orí òkè Sydenham: "Ó ti yọ o! Ó rí tín-ín-rín!"

N kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ṣùgbọ́n ìyá mi máa ń sọ pé bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ti rí i."

"Ta ló rí i?"

"Alhájà kan ni, sà."

Gbogbo ìjọ yíjú sí mi. Àǹtí ní, "Alhájà kẹ̀? Ọmọ yìí fẹ́ dójú tì mí!"

Pásítọ̀ wo ìkùukùu, wọ́n wò mí. "Ṣé òṣùpá tiwọn yàtọ̀ ni? Ẹ fun ìpè."

Deptford ni mò ń gbé báyìí, n kò sì sí nínú ìjọ yẹn mọ́, àmọ́ èmi àti Alhájà ṣì jọ ń nulẹ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ tó kọjá ń parí lọ, ìkùukùu ló bo Sydenham. Mo rí òṣùpá láti ojú fèrèsé mi, mo pe Alhájà lórí fóònù. Mo gbọ́ tí ọkọ wọn ń béèrè lẹ́yìn pé ta ló rí i.

"Ọmọ mi ni," ni Alhájà dáhùn.

N kò dúró gbọ́ bóyá baba gbà á. Mo yọ aṣọ iṣẹ́ mi sílẹ̀ de iṣẹ́ Alhájà lọ́la.