Bàbá mi ya ẹsẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì àwòrán, ẹ má bínú pé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bíi tèmi gbójú kọ̀wé sí yín.

Mo wálé sí Òṣogbo lónìí láti sọ fún Bàbá pé mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ àwòrán sílẹ̀.

Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ní rélùwéè ni mo bá tó ń ya ọkọ̀ ojú irin sẹ́yìn pátákó tí Ìyá mi fi ń pàtẹ ọjà!

“Bàbá, ọkọ̀ ojú irin kì í ní ẹsẹ̀.”

“Èyí tí mo ń rí bí mo bá dijú ní ẹsẹ̀. Tíṣà, báwo lẹ ṣe ń po àwọ̀ ewé?”

Èmi ni Bàbá ń pè ní tíṣà! Mo mọ̀ ọ́n! Mo bá a pò ó. Mi ò sọ ohun tó gbé mi wálé mọ́.

Kí lẹ rí sí i? Ẹ fi lẹ́tà yìí pamọ́ o. Ìyá mi ò tíì yí pátákó rẹ̀ wò.