Agbọ́n Tí Kò Lámì

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Bàbá Àátíìsì, ọ̀rọ̀ agbọ́n ni gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ máa ń rántí. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ló wà nídìí tábìlì lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àtẹ̀jíṣẹ́ bàbá rẹ̀ wọlé sórí fóònù: "Agbon n yo aja lenu. O ti n wu."

Ogójì ọdún ni bàbá yìí fi kọ pátákó fáwọn oníṣọ́ọ̀bù, kò sì fi àmì ohùn kan ṣoṣo sórí ọ̀rọ̀ rí. Bí ọmọ bá rojọ́ títí, ìdáhùn kan náà ló máa ń gbọ́: "Kí ni mo fẹ́ fàmì ṣe? Ẹni tí kò bá yé, kó wá bi mí. Mo wà ńlé."

"Àgbọn ló jẹ," lọmọ náà wí fún ọ̀gá rẹ̀. "Kò sóhun tí bàbá wa ń jẹ tí wọn kì í fún ajá yẹn."

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀. "Rárá o. Àgbọ̀n rẹ̀ ló ń dùn ún, wọ́n ṣáà ní ó ń wú. Eyín nìyẹn. Ní kí wọ́n la ẹnu ẹ̀ wò."

Ọmọ náà fi èsì ránṣẹ́ pé kí bàbá la ẹnu ajá, kó yẹ eyín rẹ̀ wò. Ó ṣe díẹ̀, bàbá fèsì: "Eyin pe."

"Ẹ̀yin pè kẹ̀?" Dókítà fa ojú ro. "Èmi ò pè wọ́n o!"

Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá, àgbọn mélòó lajá jẹ?"

"Àgbọn bí i ti báwo? Agbọ́n ni mo kọ! Agbọ́n tó ń fò! Ó ta á lẹ́nu, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀yin ń ní kí n máa ka eyín! Mo kà á, eyín pé!"

Jìnnìjìnnì bo ọmọ náà. Ó mọ̀ pé ajá tí agbọ́n ta lẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ lè wú dí. Ó tún mọ̀ pé látìgbà tí ìyá òun ti kú, ajá yẹn nìkan ni bàbá ń rí bá sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ó sáré lọ gbé bàbá àti ajá wá, dókítà gún ajá lábẹ́rẹ́, nígbà tó fi dìrọ̀lẹ́, wíwú náà ti ń lọlẹ̀. Bàbá nu ojú ara rẹ̀, ó kọjú sí dókítà.

"Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́. Ìwé kíkà ló kù tẹ́ ẹ máa lọ kọ́."

Ẹnikẹ́ni ì bá rò pé bàbá á gbẹ́kọ̀ọ́. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Mójúkúrò lorúkọ ajá náà, kò sì lè mójú kúrò lára ohunkóhun tó bá ń fò. Nígbà tí oyin ta á lẹ́sẹ̀, dókítà ní kí bàbá má fi èékánná fa abẹ́rẹ́ oyin náà, kó fi etí káàdì ha á kúrò. Bàbá ṣe é bó ṣe yẹ. Lọ́sẹ̀ kejì, agbọ́n ta ajá nímú, bàbá tún gbé káàdì.

"Bàbá, agbọ́n kì í fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀."

"Ta ló sọ fún ọ? Ṣé agbọ́n ló bí ọ ni?"

Ó ha imú ajá títí tí ajá fi sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ pátákó sáwọn agbọ́n, ó kàn án mọ́ igi ẹ̀yìnkùlé: E MA TA AJA YII. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan kanlẹ̀kùn, ó ní kí ló dé tí wọn ò fẹ́ tà á.

"Bàbá, ṣé ẹ rí i báyìí?"

"Rí kí ni? Agbọ́n ta ajá, ẹnì kan ta ajá. Ó yá, fàmì sí i ká wò ó, ṣé wọ́n yàtọ̀?"

Ọmọ náà fàmì sí i lọ́kàn. Wọn ò yàtọ̀. Inú bí i délé.

Nígbà tí bàbá kú, ọmọ náà lọ mú Mójúkúrò wá sílé ara rẹ̀. Ibi tí ajá máa ń sùn nílé bàbá ló ti rí pátákó kékeré kan lára ògiri, tí òórùn ọ̀dà rẹ̀ kò tíì lọ tán. Gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló lámì, pupa gàdàgbà:

"Ọmọ mi, agbọ́n ni mo wí o, kì í ṣe àgbọn. Bó bá ta Mójúkúrò lẹ́nu, má ka eyín. Gbé e, kó o sáré."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rín in títí. Ìgbà náà ló wá rántí ohun tí bàbá máa ń wí, pé ẹni tí kò bá yé, kó wá bi òun, òun wà ńlé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá, ó sì sunkún.