Wọ́n ní ìṣirò ò sí lára sáyẹ́ǹsì

Máàkì A tí mo gbà nínú ìṣirò ò wúlò fún mi rárá!

Láàárọ̀ yìí, nílé wa ní Ìkìrun, mo fi fóònù pe olùkọ́ ní yunifásítì tó ń rí sí àwa ọdún kìíní tá a fẹ́ kọ́ ìtọ́jú eyín.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé máàkì mi gbé mi dé ọdún kejì?"

"Rárá o. Máàkì bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti fisíìsì nìkan la máa ń kà, a kì í ka ti ìṣirò mọ́ ọn. Wá ẹ̀kọ́ míì ṣe."

Kò sẹ́ni tó sọ fún wa tẹ́lẹ̀.

Màmá mi tó jókòó tì mí gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní, "Mo mà ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì torí èsì ìdánwò ẹ." Wọ́n wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Wọn ò tíì jáde.

Ẹ̀yin tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, kí lẹ sọ fún ìyá yín?