Hóró Oògùn Tí Ìyá Mi Ń Pín

Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní purọ́.

Ayé ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba ni, tí a ń tò ká tó ra mílíìkì. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi nílé wọn ní Òkè-Ògùn, mo sì gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Agbowó. Díẹ̀díẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò. Dókítà sọ ọ́ níwájú àwa méjèèjì: hóró oògùn kan láràárọ̀, títí ayé, ara ì báà le kókó. Bí wọ́n bá dá a dúró, èkejì lè dé, yóò sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Oògùn ọ̀hún kò sí ní ọsibítù. Bí oṣù bá ti parí, tí mo bá kúrò ní ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀, kẹ́mísì kan sí òmíràn ni mò ń wọ̀ títí dé Ring Road kí n tó rí ike kan, ọgbọ̀n hóró. Bí ẹni gbé ẹyin ni mo ṣe máa ń gbé e délé.

Ní oṣù kẹta, ike náà ṣófo kí oṣù tó dé ìdajì. Mo bi ìyá mi léèrè.

"Àwọn ará ilé ló wá kí mi," wọ́n ní.

Ará ilé! Ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ̀ nínú ọkọ̀ Òkè-Ògùn ní Òjòó, ó di dandan kó yà wá kí wa kú ewu. Kò ní í tíì jókòó tán tí yóò fi sọ pé orí ń fọ́ òun náà, àyà ń já òun náà. Ìyá mi kì í jẹ́ kí àlejò lọ lọ́wọ́ òfo. Nílé, iṣu ni wọn ì bá dì fún un. Ní Agbowó, kò sí iṣu, oògùn ló wà. Wọ́n ń wé e sínú bébà, méjì fún eléyìí, mẹ́ta fún tọ̀hún.

Mo sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí ìyá.

"Ṣé kí n máa dá a jẹ bí ahun ni?" wọ́n bi mí. "Ṣebí ara mi ti yá."

Mo kó oògùn náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo tì í pa. Wọ́n sunkún pé mo sọ àwọn di ọmọdé lójú àlejò. Nígbà tó yá, ó sú mi, mo fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Ìyẹn ni mi ò tíì lè dárí ji ara mi lé lórí.

Èkejì dé kí òjò ọdún náà tó dá. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún pátápátá, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

Àwọn ará ilé tún rọ́ dé. Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún dáadáa, ó nu ojú, ó wá yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, oògùn tí ìyá ẹ fún mi níjọ́sí mà bá mi lára mu o. Ṣé ó ṣẹ́ kù?"

Mo dìde láti lé e jáde. Kí n tó lanu, ìyá mi ti gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n ń nàka sí kọ́bọ́ọ̀dù.