Púpurú Ìkórè Inú Agbá Oògùn Kòkó

"Ohun tí kì í jẹrà, bó bá wọ ara èèyàn, ara náà kò ní gbó láéláé."

Ọ̀rọ̀ Olóyè àdúgbò wa ní Àyèká nìyẹn, láàárọ̀ òní.

Inú agbá tó fi ń po oògùn kòkó ló rẹ ẹ̀gẹ́ sí, èyí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe púpurú ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ní, "Olóyè, mo kà á nínú ìwé ìròyìn pé irú oògùn yìí kì í tètè jẹrà lóòótọ́, ó sì máa ń pẹ́ lára. Àwọn onímọ̀ ń fura pé ó lè sọ èèyàn di arúgbó láìtọ́jọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà! Ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ ò tíì fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀."

Mo rí ìkòkò amọ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbá, ẹ̀gẹ́ wà nínú òun náà. Mo bi ìyàwó rẹ̀ pé ta ló ni ín.

"Ti Olóyè fúnra wọn ni, sà. Wọ́n ní tinú agbá ń rùn."

Ni Olóyè bá ń wo òrùlé.

Ẹ̀yin ará, gbogbo ìjọ ni yóò jẹ tinú agbá lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ta ni yóò bá wa dà á nù?